Ohùn Kẹrin Nínú Oko Kòkó

Òórùn kòkó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú kúrò nínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ máa ń dá mi dúró lójú ọ̀nà. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ní Ìkirè àti Àpòmù mọ òórùn yẹn: ó kan bí ẹmu àná, ó dùn bí ọsàn tó ti fẹ́ rà, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ bí èéfín. Àwọn ẹlòmíràn á gbọ́ ọ, wọ́n á rántí aṣọ ọdún àti bàtà tuntun. Èmi á gbọ́ ọ, mo á rántí pé wọ́n pe Làmídì nínú oko, èmi ni mo dáhùn. Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ìyẹn ná kí n tó sọ ìyókù, torí bí mo bá fi í sẹ́yìn, ẹnu mi yóò tún wá ọ̀nà àbáyọ fún ara rẹ̀. Mo mọ ẹnu mi.

Ìpẹ̀kun Ìkirè ni ilé ìwé wa wà, níbi tí ilé ti tán tí kòkó ti bẹ̀rẹ̀. Ilé alámọ̀ ni, páànù ni wọ́n fi bò ó, bí òjò bá sì ń rọ̀, kò sí ẹni tó ń gbọ́ ohun tí ẹnì kejì ń wí. Oko kòkó ilé ìwé wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an. Nígbà náà, kòkó ni gbogbo nǹkan: kòkó ló ń kọ́lé, kòkó ló ń gbéyàwó, kòkó náà ló ń rán ọmọ lọ kàwé. Bàbá mi a máa ní, "Ẹni tí kò ní kòkó, kó bí ọmọ tó mọ̀wé, ẹni tí kò ní méjèèjì, kó tètè máa lọ sùn."

Olùkọ́ wa, Tíṣà Fátókun, kì í ṣe ará ibẹ̀. Ọkùnrin gíga ni, ohùn rẹ̀ kì í ròkè, ó sì fẹ́ràn láti máa wo bí àwọn bàbá wa ṣe ń ṣiṣẹ́ oko. Ó rí i bí wọ́n ṣe ń ṣe àárò: lónìí, gbogbo wọn á wà lóko Làgbájá, lọ́la, gbogbo wọn á wà lóko Tàmẹ̀dò. Ní ọjọ́ kan ó dúró níwájú wa, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ àgbẹ̀, ṣé bàbá yín máa ń dá oko ro nígbà tí koríko bá pọ̀?"

A ní, "Rárá, sà!"

"Kí ló wá dé tí ẹ̀yin fẹ́ dá ìwé kọ́?"

Ọjọ́ náà ló pín wa sí ẹgbẹ́ mẹ́rin-mẹ́rin. Ẹgbẹ́ á jọ jókòó, á jọ ka ìwé, á jọ ṣe ìṣirò, á sì jọ gba máàkì kan náà. Bí ẹnì kan bá kùnà, gbogbo yín lẹ kùnà. Ó kọ́kọ́ bí àwa tó rò pé a gbọ́n nínú.

Bọ́sẹ̀, ọmọ káfíńtà, ni olórí ẹgbẹ́ tiwa. Ó dàgbà jù wá lọ díẹ̀, ó mọ ìwé kà bí ẹni ń mu omi, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Sámúẹ́lì ni ìkejì, alágbára tí àpò kòkó kì í wúwo lọ́rùn rẹ̀ ṣùgbọ́n tí lẹ́tà kékeré máa ń dá lágara. Ìkẹta ni Làmídì. Àpòmù ló ti ń wá, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà ló ń gbé, àràárọ̀ ló sì ń fẹsẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ wa kí ìrì tó gbẹ. Akólòlò ni. Bí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ á pọ́n, ètè rẹ̀ á máa gbọ̀n, ọ̀rọ̀ á dúró sí ọ̀nà ọ̀fun bí ẹran tí kò fẹ́ wọ ilé. Ṣùgbọ́n ẹ fún un ní ìṣirò. Yóò lóṣòó sí ìta kíláàsì, yóò fi ìka fa ìlà sórí yẹ̀pẹ̀, yóò pín in, yóò so ó pọ̀, kí a tó pajú dé ìdáhùn ti wà nílẹ̀ níwájú wa. Òun ló kọ́ mi ní ìsọdipúpọ̀. Tíṣà ti fi ọrẹ́ kọ́ mi títí, kò wọlé. Ìka Làmídì nínú yẹ̀pẹ̀ ló mú un wọlé.

Kí wá ni iṣẹ́ tèmi, Ìṣọ̀lá? Èmi ni ẹnu ẹgbẹ́. Bí Tíṣà bá bi ẹgbẹ́ wa ní ìbéèrè, Làmídì á ronú, Bọ́sẹ̀ á yẹ̀ ẹ́ wò nínú ìwé, èmi á dìde, mo á sì sọ ọ́ ketekete. Làmídì á máa wo ẹnu mi, á máa mi orí, inú rẹ̀ á dùn bí ẹni pé òun ló ń sọ̀rọ̀. Nínú kíláàsì, ohun tó dára nìyẹn. Ohun tí ẹnì kan kò ní, ẹnì kejì ní in. Kí ìgbà ìkórè tó dé, ẹgbẹ́ wa ti kúrò lẹ́yìn, ó ti wà níwájú.

Bí kòkó bá gbó, ẹgbẹ́ kan náà la fi ń ṣiṣẹ́ oko. Sámúẹ́lì á fi ọ̀pá tí a so ọ̀bẹ sí lórí ká èso, Làmídì á máa ṣà á, torí ojú rẹ̀ máa ń rí èyí tó bọ́ sábẹ́ ewé, èmi àti Bọ́sẹ̀ á gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń là á. Ẹ̀yin náà mọ inú oko kòkó. Oòrùn kì í dé ilẹ̀ níbẹ̀. Igi kan jọ èkejì, poro kan jọ èkejì, bí o bá yí ara po lẹ́ẹ̀mejì o kò mọ apá ibi tí ilé wà mọ́. Ewé tó ti gbẹ á bo ilẹ̀ débi pé o kò mọ ohun tí ò ń fẹsẹ̀ tẹ̀. Nítorí náà ni Tíṣà ṣe ṣòfin kan. Bí iṣẹ́ bá parí, yóò dúró síbi òkìtì èso, yóò máa pe orúkọ wa lẹ́gbẹ́lẹ́gbẹ́. Kò rí wa, àwa náà kò rí i. Ohùn nìkan la fi ń mọ ara wa. "Ohùn mẹ́rin ni ẹgbẹ́ kan," ó ní. "Bí ohùn kan bá kù, ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ náà kò gbọdọ̀ kúrò lóko."

Ẹgbẹ́ tó bá kọ́kọ́ jáde ló ń kọ́kọ́ dé odò. Oje kòkó máa ń sọ aṣọ di dúdú, ẹni tó bá sì pẹ́ á bá omi tó ti rú. Ọ̀rọ̀ aṣọ yìí kì í ṣe kékeré lọ́dọ̀ ìyá mi. Ṣùgbọ́n ohùn Làmídì ló ń kẹ́yìn ní gbogbo ìgbà. A óò dúró, a óò máa gbọ́ "È... è... è..." láti inú poro, àwọn ẹgbẹ́ yòókù á máa sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, wọ́n á máa yọ ṣùtì: "Ẹgbẹ́ Akólòlò, ẹ kú ìdúró o!"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sín in jẹ lẹ́yìn rẹ̀. Létí odò, tó bá ti gba ọ̀nà Àpòmù lọ, mo á fún ètè pọ̀, mo á sọ ohùn mi di tín-ínrín, mo á ní, "È—è—èmi nìyí, sà!" Sámúẹ́lì á rẹ́rìn-ín títí yóò fi jókòó sínú omi. Bọ́sẹ̀ kì í rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìṣọ̀lá, ohùn ẹni ẹlẹ́ni lò ń kó sẹ́nu yẹn o."

Mo ní, "Ṣé ẹnu rẹ ni mo kó o sí ni?"

Kì í ṣe pé n kò mọ̀. Ìyá mi kì í gbà kí á fi orúkọ ṣeré. Bí mo bá wà lẹ́yìnkùlé tí mo gbọ́ pé ẹnì kan pè mí, n kò gbọdọ̀ dáhùn títí mo fi máa rí ojú ẹni náà. Mo á wọlé, mo á ní, "Ìyá mi, ṣé ẹ̀yin lẹ pè mí?" Nígbà mìíràn wọ́n á ní àwọn kọ́. Wọ́n á ní kí n jókòó ti àwọn, wọ́n á máa bá iṣẹ́ wọn lọ, a kò sì ní sọ ọ̀rọ̀ náà mọ́. "Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ," wọ́n a máa wí. "Má fi tìrẹ sílẹ̀, má sì di tẹlòmíràn mú."

Ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, ọyẹ́ mú gan-an. Oòrùn ọ̀sán funfun bí ojú ẹni tó ṣàìsàn, ewé kòkó gbẹ, ó ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀, síbẹ̀ kò sí ẹyẹ kan tó ké. A ti ṣiṣẹ́ dé ìpẹ̀kun oko, níbi tí àwọn lagilagi ti gbẹ́ kòtò sí láyé àtijọ́, tí wọ́n fi ń la pákó. A kò mọ̀ pé kòtò náà wà níbẹ̀. Imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n fi bo ẹnu rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń lọ, ewé kòkó sì ti bọ́ lé e lórí lọ́dọọdún.

Ohùn Tíṣà dé láti ọ̀nà jínjìn. "Bọ́sẹ̀!"

"Èmi nìyí, sà!"

"Sámúẹ́lì!"

"Èmi nìyí, sà!"

Ó pe tèmi, mo dáhùn. Ó wá pe Làmídì.

Oko dákẹ́. Ewé kan kò mì. Mo rò pé ó wà ní poro kejì, pé ó ti la ẹnu tí ọ̀rọ̀ há sí i lọ́fun gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn ẹgbẹ́ kejì tí wọ́n ń sáré lọ sódò. Ni mo bá fi ọwọ́ bo ẹ̀gbẹ́ ẹnu, mo sọ ohùn di tín-ínrín, mo ní, "È—è—èmi nìyí, sà!"

"Ó dára. Ẹ máa lọ."

Sámúẹ́lì fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹ̀rín. Bọ́sẹ̀ yíjú sí mi bí ẹni pé ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Bí ohùn mi ti ń parẹ́ láàárín igi ni mo gbọ́ nǹkan kan. Abẹ́ ilẹ̀ ló ti wá, bí ìgbà tí èèyàn bá ń sọ̀rọ̀ nínú ìkòkò. Ó bẹ̀rẹ̀ bí èmi ṣe bẹ̀rẹ̀, "È—", ó sì dúró síbẹ̀. Irun orí mi dìde. Mo sọ fún ara mi pé gbohùngbohùn ni. Mo sáré. Mo kọ́kọ́ dé odò, omi mọ́ gaara, mo fọ aṣọ mi, ó mọ́.

Oòrùn ń wọ̀ nígbà tí ìyá àgbà Làmídì dé ilé Tíṣà, tí kò jìnnà sí tiwa. Eruku ọ̀nà Àpòmù bo ẹsẹ̀ wọn dé orúnkún, tẹ̀sùbáà sì wà lọ́wọ́ wọn. Bí Tíṣà ti rí wọn, ó ránṣẹ́ pe àwa mẹ́ta, àwọn ará àdúgbò náà sì péjọ.

"Tíṣà, ọmọ mi ò tíì dé."

"Ìyá, ó ti kúrò lóko, mà. Mo pe orúkọ rẹ̀, ó dáhùn."

"Ṣé ẹ rí ojú rẹ̀?"

"Ohùn rẹ̀ ni mo gbọ́, mà."

"Ṣé ó kólòlò?"

"Ó kólòlò díẹ̀, mà."

Ìyá àgbà sún mọ́ wa. Wọ́n wá ní, "Ọmọ mi kì í kólòlò díẹ̀. Bí wọ́n bá pè é, mo lè bu omi mu tán kí ó tó dáhùn." Wọ́n wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ta ló dáhùn?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹnu tí mo fi ń yangàn yẹn, n kò rí i lò. Bọ́sẹ̀ wò mí, Sámúẹ́lì ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, kò sí ẹni tó fọhùn nínú wa. Ẹgbẹ́ tó kọ́ wa bí a ṣe ń jọ mọ nǹkan ti kọ́ wa bí a ṣe ń jọ dákẹ́.

Bàbá arúgbó kan láti ilé kejì ló fọhùn. "Ẹ má pe orúkọ ọmọ náà mọ́," wọ́n ní. "Nǹkan kan ti bá a dáhùn lóko. Ohun tó bá dáhùn lẹ́ẹ̀kan yóò tún dáhùn, ibi tí yóò sì mú yín gbà, ẹ kò ní mọ̀ ọ́n."

"Àúsùbíláhì," ni ìyá àgbà wí, wọ́n di tẹ̀sùbáà wọn mú ṣinṣin.

Báyìí ni a ṣe padà wọ oko lọ wá a láìpè é. Ọmọ tó ń gbọ́ wa, tó wà nínú kòtò, gbogbo àwọn tó ń wá a ni wọ́n ń bẹ̀rù orúkọ rẹ̀, torí pé èmi kò lè la ẹnu sọ pé, "Èmi ni."

Bọ́sẹ̀ ló sọ fún Tíṣà pé, "Sà, ẹ jẹ́ ká tò bí ìgbà tí a bá ń ká kòkó." Tíṣà gbà. Àwọn ìyá tú ọ̀já ẹ̀yìn wọn, wọ́n tú ìborùn, ẹni kọ̀ọ̀kan dúró sí poro tirẹ̀, ó di etí ọ̀já kan mú lọ́wọ́ ọ̀tún, ó di òmíràn mú lọ́wọ́ òsì. A tò láti ẹ̀gbẹ́ kan oko dé ẹ̀gbẹ́ kejì, ọmọdé àti àgbà, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì. A ń lọ níwájú pọ̀, a ń fi ẹsẹ̀ wọ́ ewé. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀. Gbogbo ohun tí à ń gbọ́ ni ewé, ṣàà, ṣàà, ṣàà, bí ẹni pé oko fúnra rẹ̀ ń mí. Nígbà tí mo bá wo ẹ̀gbẹ́ mi, n kò rí ojú ẹnikẹ́ni mọ́, ọ̀já nìkan ni mo rí tó ń bọ̀ láti inú òkùnkùn igi. Lẹ́ẹ̀kan, ó ṣe mí bíi pé ọwọ́ tó wà ní etí kejì rẹ̀ kì í ṣe ọwọ́ Bọ́sẹ̀.

Lójijì, ọ̀já fà mí. Ilẹ̀ ti gbé Bọ́sẹ̀ mì dé àyà. Mo di tèmi mú, Sámúẹ́lì tó wà lódìkejì rẹ̀ di tirẹ̀ mú, ó ń rọ̀ láàárín wa bí garawa lẹ́nu kànga. Ká ní òun nìkan ló ń lọ ni, ì bá ti já sísàlẹ̀. A fà á jáde. Nígbà tí a bojú wo inú ihò náà, ojú méjì ń wò wá.

Làmídì jókòó sí ìsàlẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri ilẹ̀, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú. Kò sunkún. Kò pariwo. Ìyá àgbà kò náání ohun tí arúgbó yẹn wí mọ́. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ké, "Làmídì! Làmídì, ọmọ mi!" Ó wò wọ́n. Lẹ́yìn náà ó yí ojú kúrò, ó wo apá ibi tí a ti dáhùn lọ́sàn-án, ó tẹ́ etí, bí ẹni tó ń dúró de ẹnì kan.

Ó pẹ́ kí egungun tó kán ní ẹsẹ̀ rẹ̀ tó so. Ẹgbẹ́ wa lọ kí i ní Àpòmù, a gbé ọsàn dání. Nígbà tí Bọ́sẹ̀ àti Sámúẹ́lì wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà, èmi àti òun nìkan ló kù lórí ẹní. Ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, kò sì kólòlò rárá, ìyẹn ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù.

"Mo gbọ́ nígbà tí Tíṣà pè mí," ó ní. "Mo fẹ́ dáhùn. Ni mo bá gbọ́ pé mo ti dáhùn lókè. Mo gbọ́ tí wọ́n ní kí n máa lọ, mo sì gbọ́ ẹsẹ̀ mi pẹ̀lú tiyín. Ni mo bá dákẹ́. Mo ní, ó dára, mo ti lọ sílé nìyẹn."

Mo tu ọsàn tó wà lẹ́nu mi sọ́wọ́.

"Ìṣọ̀lá, ṣé o rí i? Ẹni tó bá yín jáde lóko?"

Mo ní, "Mi ò rí i."

Àní mo ní mi ò rí i!

Làmídì padà sí ilé ìwé, ìka rẹ̀ ṣì ń kọ́ wa lórí yẹ̀pẹ̀. Tíṣà kò pa ẹgbẹ́ rẹ́, ohun tó yípadà ni pé kò sí ẹgbẹ́ tó ń jáde lóko mọ́ àyàfi kí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di ọwọ́ ara wọn mú wá síwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kòtò yẹn, Làmídì kì í dáhùn bí wọ́n bá pè é. Kì í ṣe etí ló di. O ní láti lọ bá a, kí o fọwọ́ kàn án. Àwọn èèyàn sọ pé ìgbéraga ni, àwọn mìíràn ní ibi tó wọ̀ ló mú un. Bọ́sẹ̀ ti lọ sílé ọkọ, Sámúẹ́lì ń wakọ̀ lọ́nà Ìbàdàn, wọn kò sọ ohun tí wọ́n mọ̀ títí di òní. Wọ́n ń dúró dè mí.

Bàbá mi a máa ní, "Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n." Òótọ́ ni. Ilé ìtajà kòkó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìkirè báyìí, mò ń wọn àpò. N kò kàwé jìnnà, ṣùgbọ́n bí òṣùwọ̀n bá rú mi lójú, mo á lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì àpò, mo á fi ìka fa ìlà sórí eruku, yóò sì yé mi. Ojoojúmọ́ ni mò ń jẹun lórí ohun tí Làmídì fi sí mi lórí. Ọmọ tí mo jẹ́ nígbà náà yá lẹ́nu débi pé ó dáhùn fún ẹni tí kò rán an. Àgbà tí mo dà yìí kò lè dáhùn fún ara rẹ̀.

Ọjọ́ ọjà Àpòmù tó kọjá, mo rí i. Apẹ̀rẹ̀ kòkó ló ń hun báyìí. Ó kọ ẹ̀yìn sí mi, orí rẹ̀ tẹ̀ síwájú, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ lára apẹ̀rẹ̀. Mo dúró. Mo ní, "Làmídì." N kò pè é sókè.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Kò yíjú. Ó tẹ́ etí, ó ń dúró kí ẹni tó dáhùn fún un lóko lọ́jọ́ náà tún dáhùn. Ẹni náà wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, òórùn kòkó wà lára aṣọ rẹ̀, gbèsè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo wà lọ́rùn rẹ̀, "Èmi ni." Ó dúró síbẹ̀ títí ọwọ́ yẹn fi padà sínú iṣẹ́, ẹnu rẹ̀ kò là.